Ìwé Ìtàn Iléèwé Fada

Àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún iléèwé Fada ku ọ̀la, tíṣà tí wọ́n ní kó ka ìtàn iléèwé níwájú Bíṣọ́ọ̀bù ò tíì rí ìtàn kankan kọ!

Ìyá Alága, olórí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, ti na ìka sí i nímú.

"Tíṣà! Bí ìtàn ò bá yọjú lọ́la, ìwọ náà má yọjú síléèwé mọ́ o!"

Bí màmá yìí bá sọ̀rọ̀, fèrèsé á máa gbọ̀n.

Ni ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ta tíṣà lólobó pé abẹ́ àga Fada nínú yàrá ìjẹ́wọ́ ni wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ sí, torí ibẹ̀ nìkan ni òrùlé ò ti jò. Tíṣà sáré wọlé, ó fa kọ́tìnnì, ó jókòó sórí àga Fada, ó ń tú ìwé. Kò rántí pé ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Gbì! Ẹnì kan kúnlẹ̀ lẹ́yìn pákó oníhò tó pín yàrá náà sí méjì.

"Fada, ẹ súre fún mi, mo ti dẹ́ṣẹ̀."

Yéè! Ìyá Alága ni!

Tíṣà lanu kó sọ pé òun kọ́ ni Fada, eruku ìwé bá há a lọ́fun. Húkọ́! Húkọ́! Húkọ́!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Fada. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo gé hẹ́dímásítà jẹ lápá. Ló bá kọ orúkọ mi gàdàgbà sínú ìwé ìtàn iléèwé! Ojú tì mí. Mo jí ìwé náà, mo jù ú sí ṣáláńgá. Jàbú! Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá!

"Ó tún ku ọ̀kan, Fada. Tíṣà kan wà tí mò ń halẹ̀ mọ́ pé kó wá ìtàn jáde. Mo mọ̀ pé kò lè rí i láéláé. Bí mo bá délé, mo máa ń rẹ́rìn-ín."

Tíṣà fọwọ́ gbá pákó. Ó gbàgbé ibi tó jókòó sí.

"Ẹ̀yin lẹ jù ú sí ṣáláńgá, èmi lẹ wá fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́!"

Màmá fojú mọ́ ihò ara pákó.

"Tíṣà?"

"Ẹ káàsán, mà."

"Kí lo ń ṣe lórí àga Fada?"

"Ìtàn ni mò ń wá, mà."

"Bí o bá sọ ọ́ síta, màá sọ ibi tó o jókòó sí tó o fi gbọ́ ọ!"

"Bí ẹ bá lé mi, màá sọ ibi tí ìwé wà!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Wọ́n bá jọ fi orí korí.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní àrá ló jó ìwé ìtàn. "Gbàràrárá! Ìwé di eérú, àmọ́ iléèwé dúró gbọn-in!" Àtẹ́wọ́ sọ. Omijé bọ́ lójú Bíṣọ́ọ̀bù, ó béèrè pé:

"Níbo gan-an ni àrá náà ti sán?"

Háà! Wọn ò jọ sọ ìyẹn o!

Tíṣà wo màmá. Màmá wo tíṣà. Ẹ̀rù àtipurọ́ ní tààràtà fún Bíṣọ́ọ̀bù ba màmá, ni ọwọ́ rẹ̀ bá nà fúnra rẹ̀ sí ṣáláńgá iléèwé, èyí tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní.

Bíṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ akọrin àti gbogbo ìjọ tò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orin. Wọ́n wọ́n omi mímọ́, wàì, wàì! Bíṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ mímọ́ ni, torí ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti dá iléèwé sí, kí wọ́n tì í pa, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ bí kò ṣe láti gbàdúrà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi lé tíṣà lọ́wọ́.

Wọ́n jẹun àjọ̀dún tán, Ìyá Alága ń sáré bọ̀, ó di ikùn mú, ó ń làágùn yọ̀bọ̀.

"Tíṣà mi àtàtà! Ṣílẹ̀kùn kíá, mo fẹ́ gbàdúrà!"

Tíṣà rọra ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Àdúrà kékeré ni, mà, àbí ńlá?"