Òwú Pupa Lẹ́sẹ̀ Alápàáńdẹ̀dẹ̀

Ẹjọ́ kan fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, ẹ̀rín ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Télọ̀ ló pe Ìyá Ẹlẹ́yẹ lẹ́jọ́. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mi ẹsẹ̀ bí ọmọge, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á: télọ̀ ti fi ìbínú ra ìṣó. Bó bá kan fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó gbéra lọ sọ́nà jíjìn níjẹta ò ní ríbi wọlé sí ìtẹ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ bí wọ́n bá padà dé.

"Baálẹ̀, òwú pupa kan ṣoṣo tó kù mí kù, Ìyá yìí ti gé e tán! Ẹ bi wọ́n, ta ni wọ́n fi ránṣọ fún?"

"Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni mo so ó mọ́," Ìyá dáhùn.

"Kí lẹyẹ fẹ́ fòwú ṣe?" Baálẹ̀ bi í.

"Baálẹ̀, ọmọ ẹni ń lọ sídàálẹ̀, èèyàn ò ní sàmì sí i lára? Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ, ọdọọdún làwọn kan ń dé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tèmi ni, àbí àlejò ló ń gba ìkíni mi. Mo kúkú dè é gbẹrẹ, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ tuntun."

"Ìyá, ṣé ẹ tọrọ òwú?"

"Mo tọrọ. Télọ̀ ò sí nílé, ni mo bá tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ò sọ pé rárá."

Àwọn ìgbìmọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n pe onígbàjámọ̀, aládùúgbò wọn.

"Ojú mi ló ṣe. Ẹyẹ méje ni, mo kà á."

"Ogójì ni!" Ìyàwó télọ̀ já lù ú. "Ìwọ tó ò ń hanrun lórí àga oníbàárà!"

"Ojú kan ló sùn!"

Baálẹ̀ kọjú sí ìyàwó. "Ìtẹ́ wà lókè àjà. Ta ló wá di àga mú tí Ìyá fi gùn dé ibẹ̀?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ rẹ tí kò sí nílé?"

"Wọ́n ti dé nígbà yẹn. Wọ́n tún ń sọ pé, 'Ìyá, ẹ rọra, ẹ má já bọ́.'"

"Mi ò mọ̀ pé òwú mi ni!" Télọ̀ ké. "Mo rò pé wọ́n mú tiwọn wá láti ilé ni!"

"Iṣẹ́ wo ni àìsí òwú náà wá dí lọ́wọ́?" Baálẹ̀ bi í.

Télọ̀ wolẹ̀. "Ti oníbàárà kan, Baálẹ̀. Ṣòkòtò àrán pupa. Ọjọ́ ti pé, mo bá fi òwú àtijọ́ kan tó ti jẹrà rán ìdí rẹ̀."

Baálẹ̀ wo itan ara rẹ̀. Àrán ni. Pupa ni.

"Télọ̀!"

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde."

Ìbínú ti gbé Baálẹ̀ dìde ná. Fààà!

Baálẹ̀ jókòó kíá.

"Ìjókòó la ó ti dá ẹjọ́ yìí," ni Baálẹ̀ wí. "Òwú mi ń fò lójú ọ̀run. Ẹni tó bá kan fèrèsé yẹn pa, ìdí mi ló kàn síta. Télọ̀, kó ìṣó rẹ síbí. Láràárọ̀ ni ìwọ àti Ìyá yóò máa bu omi sábẹ́ fèrèsé, kí ẹyẹ lè rí ẹrẹ̀ fi tún ìtẹ́ ṣe, tí ẹ ó máa wòkè, títí òwú mi yóò fi padà dé. Òun gan-an lo ó fi tún ṣòkòtò yìí rán. Onígbàjámọ̀ ni yóò máa kà wọ́n, ojú méjèèjì ni kó fi kà á. Ìyá, ẹ yá mi ní ìborùn yín."

Ìyá bọ́ ìborùn fún un, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè dákẹ́. Bí Baálẹ̀ ti ń fẹ̀yìn rìn wọ yàrá, ni Ìyá gbé orin:

"Alápàáńdẹ̀dẹ̀, lọ ire o,
Alápàáńdẹ̀dẹ̀, bọ̀ ire o,
Má jẹ́ kó já lọ́nà o,
Ìdí Baálẹ̀ ń bẹ lẹ́sẹ̀ ẹ!"

Télọ̀ ló kọ́kọ́ gbè é.