Kọ́rì Íńdíà Tí Mo Sè Láìtọ́ Ọ Wò

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kan wà nínú oṣù Ràmàdáànì tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí Ọlọ́run yóò fi pè mí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kànáfùrù, kódà kó jẹ́ nínú àgbo ẹlòmíràn, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá.

Ẹnu ara mi ló fà á. Nígbà tí èmi àti Wàsíù, tó ti di ọkọ mi báyìí, ṣì ń fẹ́ra wa sọ́nà, ó mú mi lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà kan n'Íkẹjà. Àbúrò mi obìnrin bá wa lọ, torí wọn ò tọ́ mi dàgbà pé kí n máa dá jókòó ti ọkùnrin tí wọn ò tíì so yìgì fún èmi àti òun. Wọ́n gbé kọ́rì ẹran àgùntàn síwájú wa. Ọbẹ̀ náà pupa, ó ki, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Wàsíù ń jẹ ẹ́, ó ń mi orí, ó tiẹ̀ gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Owú díẹ̀ mú mi. Mo ní, "Ṣebí ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti kọ́rì náà ni? Kí ló wà nínú ẹ̀ tí mi ò lè sè nílé?" Àbúrò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni.

Wàsíù gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ ìyá rẹ̀ lọ ní Mówè. Àlàájà ni wọ́n, oníṣòwò aṣọ, obìnrin tí kì í pariwo rárá. Bí wọ́n bá kàn wò ẹ́ báyìí, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí o ò dá. Wọn ò tíì gbà kí a mú ọjọ́ yìgì. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ilé ìdáná, àwọn fẹ́ jẹun lọ́wọ́ mi ná kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀gúsí ni mo ti ń múra sílẹ̀ fún. Mi ò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà, ará Íńdíà kan ń ta kọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n wọ̀ sí, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń wá ẹni tó máa bá wọn sè é.

Fóònù mi dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Wàsíù ní o mọ kọ́rì àwọn ará Íńdíà sè."

Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi n'Íbàfò, bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. "Ẹ̀ẹ́... bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀ ká fi ṣínu, èmi àti àbúrò mi. Tá a bá jẹun tán, a ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ yìgì."

Wọ́n ti pa fóònù kí n tó rántí dìde nílẹ̀. Mo pe Wàsíù.

"Wàsíù, o ti pa mí."

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé o lè sè é?"

"Mo kàn ń fọ́nnu ni!"

"Háà. Mi ò mọ̀ pé o máa ń fọ́nnu."

Irú ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló máa ń gbà gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ì bá wù mí kó jẹ́ oníyèméjì díẹ̀.

Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Tí mo bá jí jẹ sààrì, fóònù ni màá gbájú mọ́ dípò oúnjẹ. Mo ń wo obìnrin Íńdíà kan nínú fídíò, ó ń da hóró èyí, ó ń da ewé tọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú mi lọ. Mo ya àwòrán àwọn èròjà rẹ̀, mo gbé fóònù lọ bá Màláàmù tó ń ta èròjà yajì lọ́jà Ìbàfò. Màláàmù wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí ò sí. Èyí náà ò sí. Èyí, mi ò rí i rí. Kànáfùrù wà."

Ó sì wà lóòótọ́, àpò ńlá kan. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ro ó. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù ò wá, mo ní kí èyí tó wá ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Mo ní kó wọ̀n ọ́n dáadáa fún mi. Ó wò mí tàánútàánú.

"Hàájíà, ṣé eyín ló ń dùn yín?"

"Rárá o, ọbẹ̀ ni."

Ó tún wò mí, ó so ọ̀rá náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ì bá ti sọ̀rọ̀!

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo dáná. Fídíò ní kí n dín àlùbọ́sà títí yóò fi pọ́n. Mo rọ iná sílẹ̀, mo lọ kírun Àìlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ. Mo tọrọ títí tí òórùn àlùbọ́sà tó jó fi bá mi lórí ẹní ìkírun. Mo dín òmíràn. Fídíò ní kí n da yọ́gọ́ọ̀tì sí i. Aláwọ̀ osùn tó dùn bíi ṣúgà, tí àwọn ọmọdé ń mu, ni mo rí rà ládùúgbò wa. Mo dà á sí i, ọbẹ̀ mi sì di àwọ̀ ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀rù bà mí. Mo já kọ́rì tiwa, èyí tá a fi ń se ìrẹsì díndín, mo dà á lé e lórí, mo tún já òmíràn, títí ó fi padà di àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni mo wá da kànáfùrù tí mo ti lọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà. Òórùn rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan nínú ilé sín.

Ibi tí mo ti fẹ́ tọ́ ọ wò ni mo ti rántí pé ẹnu mi ń gbààwẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọbẹ̀ tí mi ò sè rí, tí wọ́n máa fi dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi lẹ́jọ́, mi ò lè fi kan ahọ́n. Mo sáré lọ bá Ìyá Tósìn, aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Tósìn, ẹ dákun, ẹ bá mi tọ́ ọbẹ̀ yìí wò."

"Yéè, ìyàwó! Àwa náà wà nínú àwẹ̀ Lẹ́ǹtì o."

"Àwọn ará yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Àwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ò tíì parí. Bàbá Ṣọlá náà ń gbà á kí visà lè bọ́ sí i." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ilé yìí, kò sí ẹnu kankan tó ṣí lónìí."

Ó ku Bàbá onílé. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ní, dókítà sì ti ní wọn ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Iwájú ilé ni mo bá wọn, wọ́n ń fa ẹ̀wà tí kò níyọ̀ jẹ bí ẹni ń ṣẹ̀wọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo fi ṣíbí kan fún wọn. Wọ́n pa ojú dé.

"Ó dùn!"

"Ṣé èròjà ò pọ̀jù, Bàbá?"

"Kí ló ń jẹ́ pọ̀jù? Ó pẹ́ tí ohunkóhun ti ní adùn lẹ́nu mi. Bù sí i, fi ẹran sí i."

Mo fi ẹran kan sí i. Nígbà tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rí bíi ti ẹni tó fi òwú há ẹnu. Mo rò pé eyín àtọwọ́dá wọn ni wọn ò fi sẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo lọ wẹ̀.

Híjáàbù funfun ni mo wọ̀, kí n lè jọ ọmọlúàbí. Mo gbé ìkòkò lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo fi aṣọ wé e, mo ń ka àdúà tó bá ti wá sí mi lẹ́nu. Bí a ṣe gun gegele kan, ìdérí ṣí, ọbẹ̀ fò sókè, ó bà lé mi láyà. Òróró kọ́rì ò ṣeé nù. Bí mo ṣe ń nù ún ló ń fẹ̀ sí i, títí ó fi tó abọ́ ìjẹun. Mo ní kí onímárúwá dúró, mo fẹ́ padà sílé. Ó dúró. Mo rántí ojú Àlàájà, mo ní kó máa lọ. Ó lọ díẹ̀, mo tún ní kó dúró.

"Àǹtí, ẹ dárúkọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ohun tẹ́ ẹ gbé yìí ń ta mí lójú!"

Mo ní Mówè ni.

Àlàájà wo ojú mi, wọ́n wo àyà mi tó ti di pupa rúsúrúsú, wọ́n ní, "O káàbọ̀." Kò sí nǹkan míì. Àbúrò wọn, Àǹtí Ṣìkírá, wà lórí àga pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé inú ìkòkò náà lo ti wẹ̀ ni?" Wàsíù wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, a fi dàbínù àti omi ṣínu, a dìde kí Mọ̀ǹgàríbà. Nínú ìforíkanlẹ̀ tó kẹ́yìn, mo bẹ Ọlọ́run kó ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe sí ọbẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo fi máa gbórí sókè, gbogbo wọn ti kírun tán, wọ́n ti jókòó yí ìkòkò ká, wọ́n ń wò mí.

Wọ́n bù ú sórí ìrẹsì. Àlàájà ní, "Bìsìmílà," wọ́n fi ṣíbí kan sẹ́nu. Àǹtí Ṣìkírá fi méjì sí i, torí ebi ń pa á. Wàsíù náà bu tirẹ̀ sẹ́nu. Mo ń wo ẹnu wọn. Lójijì, ṣíbí Àǹtí Ṣìkírá bọ́ sílẹ̀.

"Àlàájà, ètè mi dà?"

"Ó wà lójú ẹ."

"Mi ò gbúròó ẹ̀!" Ó ń fọwọ́ tẹ ètè náà. "Wàsíù! Kí ni ọmọbìnrin yìí fún wa jẹ? Ahọ́n mi ti kú! Ẹ gbé epo pupa wá kí n mu! Májèlé ni!"

Gbogbo ohun burúkú ló sáré kọjá lójú mi: àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀kún ìyá mi, orúkọ mi lẹ́nu gbogbo Mówè. Àlàájà fọwọ́ kan ahọ́n ara wọn, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Mo já ṣíbí gbà lọ́wọ́ Wàsíù, mo bu ọbẹ̀ náà kún un, mo gbé e mì. "Ẹ wò ó, mà! Mo jẹ ẹ́! Bó bá jẹ́ májèlé, kí n kú ṣáájú!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa tọ́ ọbẹ̀ mi wò nìyẹn. Ó kọ́kọ́ korò, ó wá dùn bíi ṣúgà, lẹ́yìn náà mi ò mọ ohunkóhun mọ́. Ahọ́n mi kú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ohùn tó jáde jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì héyín. Wàsíù, tí itọ́ ń já bọ́ ní ètè òun náà, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè pa ẹnu dé.

Àlàájà fi omi yọ ẹnu, wọ́n rọra bi mí, "Kí lo fi sí i?"

"Kànáfùrù, mà."

"Ó pọ̀ tó báwo?"

Mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo fi hàn wọ́n. Àǹtí Ṣìkírá kígbe.

"Nígbà tó o tọ́ ọ wò, o ò mọ̀ ni?"

"Mi ò tọ́ ọ wò, mà. Mò ń gbààwẹ̀."

Wọ́n gbé ife omi kalẹ̀. "Iṣẹ́ wo ni Wàsíù ní ò ń ṣe?"

"Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé kéwú, mà."

"Kí lo máa ń kọ́ wọn nípa ẹni tó ń dáná pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí mo ṣe máa ń kà á ní kíláàsì: ẹni tó bá ń dáná lè fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, kó tu ú dànù, àwẹ̀ rẹ̀ ò bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gbé e... Àárín ọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ara mi ń sọ. Inú Ràmàdáànì yẹn gan-an ni mo kọ́ wọn, tí àwọn ọmọ sì ń gbè é lẹ́yìn mi tohùntohùn. Ẹ̀rù ti gba gbogbo rẹ̀ lórí mi.

Èjìká Àlàájà kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ ibi tí ẹnu ara rẹ̀ wà, omi ń dà sí wọn lára. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n sá.

"Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó báyìí ò lè fún mi ní májèlé," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi tó ń bà ẹ́ ti pọ̀jù. Bí o ò bá mọ nǹkan kan, wá sọ fún mi pé o ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ní jẹ ẹ́. Wàsíù, tí a bá ti túnu tán, ẹ wá mú ọjọ́ yìgì." Wọ́n ti ìkòkò náà sẹ́yìn. "Ẹ lọ ra àkàrà wá fún wa."

Àǹtí Ṣìkírá ti mu epo rẹ̀ tán ká tó rí àyè sọ fún un pé kì í ṣe májèlé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé ṣé èèyàn lè se kọ́rì ilé oúnjẹ Íńdíà nílé. Mo máa ń sọ pé ó ṣeé ṣe, bí èròjà bá pé, bí ẹni tó ń sè é bá mọ̀ ọ́n sè, tí kò sì tijú láti béèrè. Èmi ò tíì tún dán an wò. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rù èèyàn lè mú ẹ gbàgbé ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti fi rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Mo dúpẹ́ pé ìyá ọkọ tó ń rẹ́rìn-ín ni mo bá pàdé. Bí àlejò bá dé báyìí, tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, Àlàájà á fi mí hàn wọ́n: "Ìyàwó mi nìyí. Ó mọ oúnjẹ sè gan-an. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú yín." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá mú ṣíbí, màá sì tọ́ ọ wò.