Aránbàtà Tí Kì Í Wojú

Ogún ọdún ni aránbàtà yìí ti ń jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan, níbi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí, ìmọ̀ tó kó jọ níbẹ̀ sì ti wú u lórí ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin kan gbé bàtà ọkùnrin sórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ bá mi pààrọ̀ gìgísẹ̀ ẹ̀."

"Ẹ káàsán, màdáámù. Àlejò ni yín níbí, àbí?"

"Àlejò kẹ̀? Èmi tí mo gbé bàtà ọmọ mi wá lóṣù tó kọjá?"

"Háà! Àṣé ẹ̀yin ni bàtà ọmọdé tó lanu níwájú! Ẹ má bínú, tábìlì ló bo ẹsẹ̀ yín. Èmi kì í wojú. Ojú ń purọ́, bàtà ò mọ irọ́ pa."

Ó yí bàtà náà dojú dé, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mọ olóhun eléyìí bí ẹni mowó."

"Ọkọ mi ni."

"Rárá o. Ẹ wo gìgísẹ̀ òsì tó jẹ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀."

"Ọkọ mi náà ń wọ́sẹ̀ òsì."

"Ẹ wá wo iwájú ẹ̀ tó ti fẹ́ lu. Ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ́ gun àtẹ̀gùn ni. Lókè pátápátá níbí ló ń lọ. Tó bá gòkè ní Jímọ̀, ó di ọjọ́ Àìkú kó tó sọ̀."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì.

"Gbogbo Jímọ̀ lọkọ mi ń rìnrìn àjò iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló ń dé."

"Ẹ ẹ̀ rí i pé wọn kì í ṣe ẹnì kan náà! Tiyín ń rìnrìn àjò, tèmi ń gun àtẹ̀gùn."

"Kí ló dé tó fi ń yọ́ rìn?"

"Ọmọlúàbí ni. Kò fẹ́ dí ará ilé lọ́wọ́. Ó tún láájò ìyàwó! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé sálúbàtà pupa ìyàwó ẹ̀ tòkè wá, pé kí n rán okùn ẹ̀ tó já, kí n kùn ún kó dà bíi tuntun, kí n wá fi sínú páálí."

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan gun orí tábìlì.

"Bí irú èyí?"

"Òun gan-an! Okùn tí mo rán rèé!"

Inú rẹ̀ dùn títí ó fi rí i pé ẹsẹ̀ wà nínú sálúbàtà náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin... ẹ̀yin ni tòkè?"

"Èmi ni tilé. Ó ní ìlú tí òun rìnrìn àjò lọ lòun ti rà á bọ̀ fún mi."

Aránbàtà yára dorí kọ bàtà tó wà níwájú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti kó o sí wàhálà.

"Bàtà lè jọra o, màdáámù."

"Ṣebí bàtà ò mọ irọ́ pa? Ó wà lókè báyìí?"

"Mi ò rójú ẹnì kankan."

"Mi ò bi yín léèrè ojú."

"Bàtà kanfáàsì funfun ló wọ̀ gòkè láàárọ̀."

Obìnrin náà bọ́ sálúbàtà méjèèjì, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn. Kò yọ́ rìn rárá.

"Màdáámù! Gìgísẹ̀ yìí ńkọ́? Kí n ṣì pààrọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tètè wojú ẹ̀ kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀, torí kò ní ráyè wọ bàtà."