Rájí Oníkiláàṣì Méjì Lọ Kí Àna

Ẹ bá mi kí Rájí ará Ìkàrẹ́. Rájí Oníkiláàṣì Méjì, Rájí Afi-jíà-ṣakọ, ọkùnrin tó ń fi etí agbádá nu mọ́tò rẹ̀, tó sì ń fi ojú kan wò ó bóyá à ń wo òun. À ń wò ó. Kí la tún fẹ́ máa wò?

Mọ́tò asáré ni. Ẹ kí i "Ẹ káàárọ̀", ohun tó máa fi dáhùn ni: "Kiláàṣì méjì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ló wà nínú tèmi! Ọ̀kan di jíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún mú, èkejì di ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, èkejì ti mú èyí tó kàn dání. Bí ẹni tó ń fọwọ́ méjèèjì jẹun ni."

"Ọwọ́ òsì náà?" Hámzàt ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í níwájú mọ́sáláṣí. A rẹ́rìn-ín títí.

Hámzàt náà ní mọ́tò ìdíje tó ti gbó. Jíà tirẹ̀ ń tẹ̀ léra ni. Ó fa ọ̀pá, gbàà! ọ̀kan wọlé. Ó tún fà á, gbàà! òmíràn wọlé. Kò lè fo ọ̀kankan.

"Ọmọ ilé-kéú," ni Rájí ń pè é. "Álífù, bá, tá, kò gbọdọ̀ fò!"

Ṣùgbọ́n Rájí ń fẹ́ Àsíátù, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Bàbá ọmọ náà, Alfa Yẹ̀kínì ti Òkè Ọ̀kà, kò tíì gbà. Ó ní kó wá kí òun ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, kí òun wo irú èèyàn tó jẹ́.

Awakọ̀ àgbà ni Alfa tẹ́lẹ̀. Láyé ìgbà tirẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ mọ́tò kò ní ṣe fúrídọ́ọ̀mù àfi bó bá lè fi kiláàṣì nìkan dá lọ́rì dúró lórí òkè tó lọ sílé Alfa, láìtẹ bíréèkì. Rájí gbọ́ èyí, orí rẹ̀ wú: òun náà á ṣe é lójú Alfa.

Lọ́jọ́ náà, Hámzàt tó bá a lọ ti gúnlẹ̀ síwájú ilé Alfa, ó ti ń mu omi tútù. Rájí dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nísàlẹ̀ ilé, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó rọra ń tẹná. Mọ́tò dúró sójú kan. Alfa àti Àsíátù jáde wá wò ó.

"Bàbá, ẹ wò ó! Kò sí bíréèkì! Kiláàṣì méjì..."

Ìwàásù Rájí nípa mọ́tò bẹ̀rẹ̀.

"Rájí, kí ló ń jóná?" Àsíátù bi í.

"Agbára ló ń rùn bẹ́ẹ̀!"

Èéfín yọ. Iná ìkìlọ̀ pupa tàn níwájú rẹ̀. Kiláàṣì méjèèjì ti gbóná jù, kò sí èyí tó dá a lóhùn mọ́. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, Rájí sì fò mọ́ bíréèkì. Lọ́rì oníṣu kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọn fèrè.

Awakọ̀ kì í fọwọ́ lẹ́rán wo mọ́tò tó dínà. Alfa Yẹ̀kínì ká agbádá, òun àtàwọn aládùúgbò bọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń tì í.

Rájí wo dígí, ó rí bàbá ìyàwó tó ń làágùn nídìí mọ́tò òun, òun sì jókòó bí ọba. Ó ṣílẹ̀kùn kó lọ dọ̀bálẹ̀.

"Má sọ̀kalẹ̀!" ni gbogbo wọn kígbe. "Á tẹ̀ wá pa!"

Ojú tì í débi pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí ìjókòó. Iwájú orí rẹ̀ kan fèrè: pàáààn! Alfa fò sókè.

Nígbà tí mọ́tò dé ibi títẹ́jú, Rájí nà gbalaja sínú eruku. Àsíátù ń fi gèlè bo ẹnu.

"Dìde," Alfa wí, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. "Mi ò lé ọ. Padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ni kó o fi rìn wá."

"Láti Ìkàrẹ́, Bàbá?"

"Láti Ìkàrẹ́. Méjì náà ni ẹsẹ̀."