Kòkòrò Ọ̀jọ̀gbọ́n Babárìndé

Ẹ bá mi kí Babárìndé, a-jí-so-táì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan ọkọ́ rí. Ládùúgbò wa ní Ẹgàn, bó bá ń lọ sí balùwẹ̀ pàápàá, táì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ipò alága ìmọ́tótó àdúgbò ló ń wù ú. Nígbà náà, ìjọba ń lé gbogbo wa síta ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù láti ṣán èpò. Babárìndé ní ká sọ àdá nù. Ó ní òun ń sin ọmọ labalábá sínú páálí, àti pé oúnjẹ tí kòkòrò bá kọ́kọ́ jẹ ní kékeré ni yóò máa wá kiri.

“Èpò ẹ̀bá gọ́tà nìkan ni mo fi ń bọ́ wọn,” ló wí. “Wọn ò mọ nǹkan míì. Àwọn ni yóò bá wa jẹ èpò tán.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ṣá, ṣùgbọ́n ta ló rí i lẹ́bàá gọ́tà rí? Gọ́tà ń rùn, bàtà rẹ̀ sì ń dán.

Lásìkò kan náà, ewébẹ̀ odú Ìyá Olúfúnmiláyọ̀ ń dín kù lójoojúmọ́. Ará Èkìtì ni ìyá yìí, òun nìkan ló sì ń gbin odú ládùúgbò. Ewúrẹ́ Sìkírátù, aládùúgbò wa, ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

“Ojú mi ló ṣe,” Babárìndé jẹ́rìí.

Àwọn àgbà àdúgbò ní bí ìmọ́tótó Sátidé bá parí, kí Sìkírátù ta ewúrẹ́ náà. Ewúrẹ́ ọ̀hún lóyún. Obìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Sátidé dé. Babárìndé da kòkòrò sórí èpò, ó tún táì ṣe. Wọ́n fẹnu kan èpò, wọ́n yíjú kúrò bí àlejò tí wọ́n gbé ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún.

Ó ní ká ṣe sùúrù, pé ojú ló ń tì wọ́n.

Ìyá Olúfúnmiláyọ̀ ti já ìwọ̀nba odú tó kù wá láti fi ṣe ẹ̀rí lórí ẹjọ́ ewúrẹ́. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ni àwọn kòkòrò bá kọrí síbẹ̀, gbogbo wọn pátá, wọ́n gun odú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Odú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Kì í kúkú ṣe àìmọ̀ fún kòkòrò Ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Tíṣà,” Ìyá Olúfúnmiláyọ̀ rọra pè é, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹ̀kọ́ yẹn ṣe fún mi. Kí lẹ ní kòkòrò máa ń wá kiri?”

“Ohun tó… ohun tó kọ́kọ́ jẹ, mà.”

“Ṣé ewúrẹ́ mi ló ń bá yín já a wá ni, àbí?” Sìkírátù bi í.

Ẹ̀rín pa wá débi pé àwọn míì jókòó sílẹ̀. Wọ́n fa àdá lé Babárìndé lọ́wọ́, ó bọ́ táì kọ́ sára ọgbà, ó wọ gọ́tà lọ. Kó tó jáde, ewúrẹ́ Sìkírátù ti jẹ táì náà dé ìdajì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo wa ló ṣe.