Ìlẹ̀kẹ̀ Ọrùn Ilé Ọdẹ́gbàmí

"Bàbá Àrìnọlá, bí ejò sèbé bá fi lè wọ ilé yìí lónìí, ẹ ó yan nínú èmi àti òun, ẹni tí yóò máa se ọbẹ̀ fún yín!"

Ohùn Mopélọ́lá ni, ó sì ti dé títì. Ṣùgbọ́n ta ni obìnrin yìí ń pariwo mọ́? Ṣé ó mọ̀ ọ́n? Tanímọlà ni, Tanímọlà aránfìlà Òkè-Ṣapó, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ afejòṣèlẹ̀kẹ̀, ọmọ ọdẹ tó wọgbó tígbó dákẹ́, tó yọ sójú ọ̀nà tọ́nà yà fún un. Akọni tí abẹ́rẹ́ gún lẹ́ẹ̀méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò sunkún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Jagunjagun tí ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ òkè bí ẹni tí ń bẹ́ orí ọ̀tá. Ọkùnrin ogun tí kò tíì pa ohun tó ju ẹ̀fọn lọ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ẹ̀fọn náà sì jẹ ẹ́ yó kó tó kú.

Ìpàdé àwọn ọmọ ọdẹ lórí Ìjáde Ọdẹ ọ̀la ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní Òkè-Ṣapó, ohun tí oríkì ìdílé bá dárúkọ ni ìdílé náà ń gbé jáde: ilé tí oríkì wọn dárúkọ ẹkùn yóò gbé awọ ẹkùn wọ̀, ilé tí tiwọn dárúkọ ẹfọ̀n yóò gbé ìwo ẹfọ̀n lọ́wọ́; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, kèrègbè omi ni wọn ó gbé rù ú, ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni yóò sì tò sí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ilé Ọdẹ́gbàmí ti ń so okùn dúdú mọ́rùn, tí wọ́n ń pè é ní ejò. Lọ́tẹ̀ yìí, Lápàdé alápatà dìde, ó ní ọrùn Tanímọlà kò tíì mọ ohun tó ń fà ju tépù ìwọnṣọ lọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ni akọni bá búra pé sèbé lòun yóò gbé kọ́rùn, ààyè rẹ̀, èyí tí ń tutọ́ sójú ọ̀tá. Bí òun kò bá sì rí i gbé, kí wọ́n gbé kèrègbè fún òun.

Láti ìjẹta tó ti búra yìí, ẹnu náà kò gba oúnjẹ mọ́.

Wọ́n gbéra, akọni níwájú, Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn tí ń kùn bí ọlọ, wọ́n forí lé ilé Yèyé Ayọ̀ká, arúgbó tí ń sin ejò nídìí igi ìyeyè. Ọ̀nà náà kò gùn ju ibi tí èéfín ìdáná lè dé lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di ogun. Ó fo gọ́tà. Ó tún fo òmíràn. Ó pàdé òbúkọ kan tó wò ó tìkà-tẹ̀gbin, akọni ló sì kọ́kọ́ yà.

Yèyé wà nídìí ààrò, ó ń se ẹ̀wà. Kò bi í léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Ohun tó fẹ́ fi ejò ṣe ló bi í. Tanímọlà wú àyà, ó to oríkì kalẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní èyí tí ayé yóò rí tí wọn yóò fẹsẹ̀ fẹ lòun ń wá. Yèyé ní ẹni tó bá fẹ́ káyé sá fún òun, kí ó má wẹ̀ fóṣù mẹ́ta, ejò ò sí níbẹ̀. Ó wá la òfin ilé rẹ̀ kalẹ̀: ejò kan kì í kúrò lọ́wọ́ òun àfi bí ẹni tó fẹ́ mú un lọ bá gbé e sórí itan títí ẹ̀wà yóò fi jinná, nítorí ẹni tí kò lè jókòó ti ejò fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀wà fi ń jinná kò lè bọ́ ọ fún ogún ọdún.

Akọni ní kí wọ́n gbé sèbé wá.

Yèyé fi ọ̀pá ṣí ìdérí agbọ̀n díẹ̀. Sèbé nà ró, ó fẹ ọrùn bí abẹ̀bẹ̀, ó fín. Háà, ẹ bá mi wo iṣẹ́ akin! Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gun ọ̀pẹ, aláìlẹ́sẹ̀ ni. Ọbọ tó ń fò látorí igi dé orí igi, kó wá kọ́ṣẹ́. Tanímọlà ti orí ilẹ̀ bọ́ sórí àpótí, ó ti orí àpótí bọ́ sórí àgbá omi, ó ti orí àgbá bọ́ sórí ẹ̀ka ìyeyè, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀ tó ń jà. Láti òkè lọ́hùn-ún ló ti ń pàṣẹ pé kí wọ́n dé agbọ̀n. Yèyé ti dé e tipẹ́.

"Sèbé kò bínú sí ọ," ni arúgbó wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo tọ́ ejò náà dàgbà, ọ̀pá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹran ọrùn."

Ó na ọwọ́ sínú agbọ̀n kejì, ó gbé mọnámọ́ná jáde, ejò tí kò lóró, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ní bátànì bí aṣọ olówó. Kíá ló ká jọ róbótó, ó fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀, nítorí ojú ń tì í. Tanímọlà ti orí igi wí pé ọsàn ni wọ́n gbé jáde yẹn, pé Lápàdé yóò bó o jẹ.

Yèyé kọjú sí Mopélọ́lá tó ti jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ìyàwó, bá mi di eléyìí mú kí n ro ẹ̀wà."

Ọmọ tí a bí tí a tọ́ kì í kọ iṣẹ́ àgbà. Mopélọ́lá di ojú méjèèjì, ó tẹ́ itan. Kò mì. Kò pariwo, òun tí ariwo rẹ̀ ti dé títì láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó la ojú kan, mọnámọ́ná náà yọ imú. Ó la ìkejì, ejò tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé orí lé e ní àtẹ́lẹwọ́. Ohùn Mopélọ́lá wálẹ̀. Ó béèrè ohun tí ejò náà ń jẹ. Yèyé ní eku, méjì lóṣù ti tó o. Mopélọ́lá rántí àwọn eku tó ń jẹ fìlà oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó béèrè bóyá ọyẹ́ kò ní ṣe é níbi, àti bóyá ìró ìbọn ọ̀la kò ní já a láyà lórí ọrùn ènìyàn.

"Láti àárọ̀," ni Yèyé wí, "ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó béèrè ohun tí ejò fẹ́."

Ẹ̀wà jinná. Akọni sọ̀kalẹ̀. Ó yọ́ gba ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ bí ológbò, ó na ìka kan ṣoṣo, ó fi kan ṣóńṣó ìrù mọnámọ́ná náà, ìrù kò sì bù ú jẹ. Ó fò sókè. Ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó kọjú sí títì, ó lahùn bí àrá:

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ṣapó, ẹ wá wò ó! Èmi Tanímọlà ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ afejòṣèlẹ̀kẹ̀, mo ti fi ọwọ́ kan ejò láàyè! Ohun tí bàbá mi àgbà ṣe, mo ṣe é!"

"O ṣe é lóòótọ́," ni Yèyé wí, ó ń bu ẹ̀wà sáwo. "Bàbá mi ló ṣí sèbé han Ọdẹ́gbàmí. Orí igi yẹn lòun náà gùn. Igi ṣì kéré nígbà náà, ó ṣẹ́ mọ́ ọn lábẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó títí ẹ̀wà fi jinná. Ọrùn ìyá rẹ àgbà ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ń kì yẹn wà."

Ẹnu akọni wálẹ̀. Ó rọra béèrè ohun tí bàbá òun àgbà wá gbé jáde lọ́jọ́ náà.

Yèyé na orógùn ẹ̀wà sí ohun tó kọ́ sára ògiri.

"Kèrègbè tó rù nìyẹn. Gbé e sọ̀kalẹ̀, kí o fọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."