Orúnkún Ọdún Mẹ́fà

Lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí ní ilé-ìwé gíga kan nílẹ̀ òkèèrè, àwọn méjì kan dúró sí ìdí ìlà tó gùn láti ojú kàǹtà títí dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ nínú ìlú náà, tó wá kọ́ nípa afárá ṣíṣe. Èkejì ni àbúrò ìyá ẹ̀, tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ kan níbẹ̀ fún ọdún méje. Mọ̀ọ́tán ni wọ́n ń pè é nílé. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sì tíì wọlé nígbà yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ èdè wọn dáadáa?"

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ jù mí lọ? Ọdún méje."

"Mo kàn ní kí n béèrè ni. Ìyá mi ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni kí n máa kọ sílẹ̀."

"Kọ ọ́, nígbà náà. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní nǹkan, má dáhùn. Èmi ni kó o wò. Oyè lo wá gbà níbí. Ohun tó bá ti jẹ mọ́ òye, fi sílẹ̀ fún mi."

Ó yọ ìwé kékeré kan jáde, ó ń kọ ọ́.

"Bùrọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, ṣé iwájú ni kí n fi àmì ohùn ẹ̀ sí ni àbí ẹ̀yìn?"

"Fi sí méjèèjì, kó má baà sí ìjà."

Ibi tó ti ń fi àmì sí méjèèjì ni fọ́tò pélébé tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó yọ́ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, kò bà á. Ó tún fojú kan ilẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń gbé ife tíì kọjá rí ọmọdébìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀, tí ojú ẹ̀ le, tí kò sì dìde. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó sáré lọ pe nọ́ọ̀sì ilé-ìwé.

Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú àpò ẹ̀, ó gbé ọmọbìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fọwọ́ lé e lórúnkún. Ohun tó béèrè kò le: ó ní ṣé orúnkún ló ń dùn ún. Mọ̀ọ́tán tẹ́tí sílẹ̀ títí tó fi parí, ó sì mi orí bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè yẹn láti àárọ̀.

"Kí ni wọ́n wí, Bùrọ̀dá?"

"Wọ́n ní ṣé o ní in."

"Kí ni?"

"Ìwé ẹ̀rí. Kí ni wọ́n tún máa ń béèrè nílé-ìwé?"

"Mo ní in. Ilé ni mo ti mú un wá."

Mọ̀ọ́tán sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ní in, pé ilé ló ti mú un wá. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó ní ó ti tó ìgbà wo.

"Wọ́n ní ọdún mélòó."

"Mẹ́fà. Ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ló le jù."

Mọ̀ọ́tán na ìka mẹ́fà sókè, ó wá yọ méjì nínú ẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì fún ojú pọ̀ láti fi bí méjì náà ṣe le tó hàn. Nọ́ọ̀sì yọ bírò. Ó ní ṣé irú ẹ̀ wà nínú ẹbí.

"Wọ́n ní ṣé ẹlòmíì ní in nílé yín."

"Bàbá mi ní in. Ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọn ò bá a dópin. Ìgbà tí wọ́n lóyún mi ló dúró."

Mọ̀ọ́tán fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti ọwọ́ púpọ̀ sọ ìyẹn náà: bàbá ní in títí dòní, ìyá bẹ̀rẹ̀, oyún dé, ó dúró. Nọ́ọ̀sì ní kó tún un sọ, ó sì fa ìlà sábẹ́ ohun tó kọ. Ó wá béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ti bàbá nílé.

"Wọ́n ní kí ni wọ́n ṣe sí ti bàbá yín."

"Wọ́n fi dígí bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀."

Mọ̀ọ́tán ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe dígí. Ó fi òòlù tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri, ó gbé nǹkan wúwo kan kọ́ ọ, ó sì sún sẹ́yìn láti wò ó bóyá ó gún. Nọ́ọ̀sì dá bírò dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kò béèrè nǹkan mọ́.

Wọ́n gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ táyà wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn, wọ́n gbé akẹ́kọ̀ọ́ náà lé e, fọ́tò ẹ̀ tí akọ̀wé bá a mú jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bùrọ̀dá, kí ló dé tí wọ́n ń tì mí?"

"Iyì ìwé ẹ̀rí ni. Jókòó dáadáa."

"Àwọn tá à ń kọjá lára wọn yìí ńkọ́? Ṣé àwọn ò ní in ni?"

"Wo bí wọ́n ṣe ń wò ẹ́. Ṣé ojú ẹni tó ní in nìyẹn?"

Wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kí aago tó lu méjìlá. Wọ́n fún un ní ìwé kan tí wọ́n lù lóǹtẹ̀, tí Mọ̀ọ́tán kà lókè lódò, tó sì ní ìwé ìkínikáàbọ̀ ni. Dípò òkè kẹrin tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún un, yàrá ìsàlẹ̀ tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fún un. Láràárọ̀ ni ẹnì kan ń gbé yìnyín tí wọ́n wé sínú táwẹ̀lì wá, tó ń gbé e lé e lórúnkún. Ìyá ẹ̀ gbọ́ èyí lórí fóònù, ó ní kí ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò òun. Àbúrò ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣìkẹ́ àlejò níbẹ̀ nìyẹn, pé ti òun nígbà yẹn tiẹ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kíláàsì èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn àlejò sí dé orí ẹ̀yà ara. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà gba ilé ìfọṣọ lọ tààrà. Mọ̀ọ́tán wà ní yàrá ẹ̀yìn, láàárín ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń pariwo, ó ń lọ apá ẹ̀wù kan.

"Bùrọ̀dá, orúnkún ni."

"Orúkọ ta?"

"Orúnkún. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń sọ lọ́jọ́sí. Tísà fọwọ́ kan tiẹ̀ lónìí, ó pè é, mo sì dá ohùn ẹ̀ mọ̀. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní ṣé orúnkún ń dùn mí ni."

Mọ̀ọ́tán ń lọ apá ẹ̀wù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jọ̀lọ̀.

"Ọdún mẹ́fà," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Mo rántí."

"Ẹ ní bàbá mi náà ní in. Ẹ ní wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀."

"Ìwọ lo sọ ọ́. Èmi kàn túmọ̀ ẹ̀ ni."

Ó wá yọ áyọ́ọ̀nù lórí iná, ó sì fi ìdí lé orí àpò aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méje tí mò ń sọ yìí, inú yàrá yìí ni mo ti lò ó. Èmi àti ẹ̀rọ. Ó gbóná, ó tutù, ó ti gbẹ, àbàwọ́n ò lọ: gbogbo èdè tí mo gbọ́ nìyẹn, pẹ̀lú òǹkà. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan mìíràn rí. Ìgbà tí ìyá ẹ ní o ń bọ̀, mo rò pé kó o tó dé, màá ti gbọ́ ìyókù."

Láti ilé-ìwé ni ọmọbìnrin náà ti ń to ohun tó máa sọ fún un jọ. Kò sọ ọ́ mọ́. Ó na ẹ̀wù kan sókè níwájú ẹ̀, ó ti ìka bọ inú kọ́là.

"Kí ló máa ń wà níbí?"

"Ìdọ̀tí."

"Ọrùn, Bùrọ̀dá."

Ẹ̀wù ló fi kọ́ ọ ní ọrùn, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ó sì fi ṣòkòtò kọ́ ọ ní ìbàdí àti orúnkún. Mọ̀ọ́tán ń tún un pè tẹ̀lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó má ṣe sọ ọ́ nílé.

Ó kù bí wọ́n ṣe máa tún ti nọ́ọ̀sì ṣe. Ọmọkùnrin kan tó kán lẹ́sẹ̀ ti ń fi ìdí wọ́ gun òkè lójoojúmọ́, yàrá tó yẹ kó gbà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mọ̀ọ́tán ní tí wọ́n bá lé e kúrò nílé-ìwé ńkọ́. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n lé òun, òun máa sọ ọ́. Ni àbúrò ìyá ẹ̀ bá wọ kóòtù kan ṣoṣo tó ní, ó tẹ̀lé e, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní la ẹnu.

Lọ́fíìsì nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ rìn lọ rìn bọ̀, ó sì fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ kan orúnkún, ó ní ó dára. Ó wá fẹ́ ṣàlàyé pé ìtumọ̀ tí Bùrọ̀dá òun ṣe ló fa àṣìṣe náà, àmọ́ kíláàsì ò tíì dé orí ìtumọ̀, wọn ò sì tíì kọ́ ọ ní àṣìṣe. Ó fi èyí tó ní lọ́wọ́ sọ ọ́. Ó nawọ́ sí Mọ̀ọ́tán, ó ní, "Bùrọ̀dá mi ló ṣe é."

Nọ́ọ̀sì wo orúnkún. Ó wo ọwọ́ Mọ̀ọ́tán, ọwọ́ ńlá tí omi gbígbóná ti bó. Ó dìde, ó di ọwọ́ náà mú, ó sì ń bọ̀ ọ́, omijé wà lójú ẹ̀.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́?"

"A ò tíì débẹ̀ nínú ìwé."

Ọmọkùnrin tó kán lẹ́sẹ̀ náà gba yàrá ìsàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì kó ẹrù ẹ̀ gun òkè kẹrin. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Mọ̀ọ́tán pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ kíákíá. Ó bá èèyàn méjìlá níwájú ilé ìfọṣọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbé aṣọ dání. Ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ti gbọ́ nípa orúnkún ọdún mẹ́fà tó jinná. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà níwájú. Ó yọ fìlà, ó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì fọwọ́ ti ara ẹ̀ lẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní orúnkún àwọn ò burú púpọ̀, Bùrọ̀dá, ìbàdí ni. Wọ́n ní ṣé ẹ mọ ti ìbàdí."

Mọ̀ọ́tán wo bàbá náà. Ó wo ìyókù tó tò sẹ́yìn ẹ̀.

"Sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n. Sọ fún wọn pé mi ò mọ ti orúnkún náà. Aṣọ fífọ̀ ni mo mọ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ó sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ́ kedere. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó fèsì ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sórí àpò aṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní dókítà gidi nìkan ló máa ń sọ pé òun ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn máa dúró."